Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: bí ìran Aláàyè ṣe kúrò ní Ifẹ̀, tó gun òkè, tó sì dé Bahia

Bí ẹ bá ń ti Iléṣà bọ̀, tí ẹ dé Ìtawùrẹ́, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan ń lọ sí Àkúrẹ́. Ìkejì yà sápá òsì, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni ìlú ńlá tí ẹ máa bá lórí òkè yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Erió, Arámọkọ, Ìgèdè àti Ìyìn, kí ẹ tó wọ Adó-Èkìtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gba ọ̀nà yìí kọjá kò mọ̀ ju nǹkan méjì lọ nípa ìlú náà: pé òtútù máa ń mú níbẹ̀, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n sin Àpósítélì Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC sí ní 1959.

Àwọn tó ń ka ojú ewé yìí máa ń bi mí ní ìbéèrè kan léraléra, àgàgà àwọn tí wọ́n bí sí Èkó àti Ìbàdàn. Ìyá àgbà ń kì wọ́n ní ọmọ Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìbí wọn ní Ìbàdàn ni ìlú wọn, bàbá wọn náà sì ní Ìbàdàn ni. Ṣé irọ́ ni ìyá àgbà ń pa ni, àbí bàbá ni kò mọ̀? Ìdáhùn mi ni pé àwọn méjèèjì lè tọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Nígbà tí Yorùbá bá pe ẹnì kan ní ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọ bíbí ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè gan-an, tó ní agboolé níbẹ̀, tó sì lè tọ́ka sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ ará Èkìtì kan ṣá, torí láyé ọjọ́un àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn máa ń da orúkọ Ẹ̀fọ̀n bo àwọn ará Èkìtì mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan lónìí ṣe máa ń pe gbogbo ẹni tó bá ti òkè Niger wá ní Hausa. Ìkẹta ni ẹni tí orílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀fọ̀n: baba ńlá rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó dé ìlú mìíràn, ó ní ìyàwó àti ọmọ níbẹ̀, ó di ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n oríkì kò yí padà. Ìkẹta yìí ló máa ń ru àwọn ọmọ Ìbàdàn lójú.

Orílẹ̀ kì í ṣe ìlú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn wá ni. Ènìyàn lè fi ìlú sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, kí orílẹ̀ rẹ̀ má sún rárá. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe èyí o. Lápá àríwá Íńdíà, àwọn Jat ní ohun tí wọ́n ń pè ní gotra, orúkọ ìran tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ baba, tí ẹni méjì tó ń jẹ́ gotra kan náà kì í sì í fẹ́ra wọn. Wọ́n lè tú ká sí abúlé ọgbọ̀n, gotra ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Tiwa rọ̀ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe jọra: kí àwọn tó tú ká má baà sọra wọn nù.

Ẹni tí wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ìtàn Ẹ̀fọ̀n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọba tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ jẹ́ Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Ọbalùfọ̀n Ògbógbódirin ló jẹ ṣáájú rẹ̀, ìtàn sì sọ pé bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀rànmíyàn, jagunjagun tí Ọ̀yọ́ àti Benin ń pè ní baba ọba wọn, padà sí Ifẹ̀, ó sì bá Aláyémọrẹ lórí ìtẹ́. Kò gbà. Agbára ọwọ́ Ọ̀rànmíyàn ju ti Aláyémọrẹ lọ, ló bá di pé ọba kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó kọrí sí ìlà-oòrùn, ó gun òkè, ó sì tẹ Ẹ̀fọ̀n dó. Láti ara Aláyémọrẹ yìí ni orúkọ oyè ọba ibẹ̀, Aláàyè, ti jáde.

Ẹ̀ka mìíràn wà nínú ìtàn Ifẹ̀ tó sọ pé Aláyémọrẹ tún padà wá jọba lẹ́yìn Ọ̀rànmíyàn. Ìyẹn kò tako ti Ẹ̀fọ̀n. Bí ọba bá tilẹ̀ padà sílé, àwọn tó bá a gun òkè kò ní láti tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ náà ńkọ́?

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìtàn ìtẹ̀dó ni pé ẹ̀rí kan wà tí a lè fojú rí. Ère ojú kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi bàbà ṣe, tó tóbi tó ojú ènìyàn gidi, tó dán, tó sì dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hú u bí ọ̀pọ̀ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ yòókù. Ààfin Ọọ̀ni ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí láti ìrandíran, Ọbalùfọ̀n ni wọ́n sì ń pè é. Bàbà pọ́ńbélé ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ idẹ á sọ fún yín pé bàbà tí kò ní àdàlù ṣòro láti dà ju idẹ lọ, torí kì í fẹ́ ṣàn kún inú ẹ̀dà dáadáa. Wọ́n dá ihò sí ibi irun àti irùngbọ̀n, wọ́n sì la ojú díẹ̀ sábẹ́ ẹyinjú kí ẹni tó bá gbé e wọ̀ lè ríran. Ọ̀jọ̀gbọ́n Suzanne Preston Blier ti Yunifásítì Harvard ti kọ̀wé lórí ère yìí láti àwọn ọdún 1980. Ó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ìwúyè: Ọbalùfọ̀n, ọba tí wọ́n lé kúrò, ló wá di òrìṣà tí ọ̀rọ̀ adé jíjẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó dára láti fi parí ìjà ìtẹ́ ju kí ẹ fún ẹni tó pàdánù ní ipò tí ẹnikẹ́ni kò lè jọba láìkọ́kọ́ júbà rẹ̀.

Ọbalùfọ̀n yìí kan náà ni òrìṣà àwọn tó ń da idẹ, àwọn ahunṣọ àti àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nípa orúkọ Ẹ̀fọ̀n fúnra rẹ̀, ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹfọ̀n, ẹran ńlá inú igbó yẹn, pọ̀ níbi tí wọ́n dé, àwọn ọdẹ sì ní láti lé wọn kí wọ́n tó lè kọ́lé. Ìtàn dídùn ni. Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba ṣá, èmi kì í sì í tètè gba ìtàn orúkọ tí ohùn rẹ̀ bá yẹ̀. Ẹ wo bí Ọbalùfọ̀n àti Ẹ̀fọ̀n ṣe jọra létí. Mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká wá orúkọ náà sí.

Àwọn aládùúgbò: Alárá àti Ajerò

A kò lè sọ̀rọ̀ Ẹ̀fọ̀n ká fo àwọn tó yí i ká. Arámọkọ ni Alárá wà, Ìjerò ni Ajerò wà, kò sì sí èyí tó jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n nínú méjèèjì. Samuel Johnson, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ka àwọn ọba Èkìtì sí mẹ́rìndínlógún. Ó fi Ajerò sí àárín àwọn mẹ́rin tó ga jù, pẹ̀lú Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Èwí Adó àti Ẹlẹ́kọ̀lé Ìkọ̀lé. Alárá àti Aláàyè wà nínú àwọn tó kù.

Wàyí o, bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọba wọ̀nyí ta ni baba wọn, Odùduwà ni wọ́n á dá yín lóhùn. Bí ẹ bá sì bi babaláwo, Ọ̀rúnmìlà ni. Nínú Ìwòrì Méjì, ìtàn kan wà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀, tó sọ pé Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di ọba aládé. Alárá ni àkọ́bí, Ajerò ló tẹ̀ lé e, Ọ̀ràngún wà nínú wọn, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí baba wọn ń ṣọdún, gbogbo wọn wá kí i bó ṣe yẹ, wọ́n wí fún un pé kí ẹbọ ó rú, kí ó dà. Ó kan Ọlọ́wọ̀, ó kọ̀. Ó ní gbogbo ohun tí baba òun wọ̀ lòun náà wọ̀, baba dé adé, òun náà dé adé, adé kì í sì í wólẹ̀ fún adé. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó gba ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá ìdí ọ̀pẹ kan lọ. Ayé dàrú: òjò kò rọ̀, aboyún kò bí. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́, kò padà, ikin mẹ́rìndínlógún ló fún wọn.

Báwo wá ni Alárá ṣe jẹ́ ọmọ Odùduwà, tó tún jẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà? Lójú tèmi, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìran ọba tí wọ́n ń kà lẹ́nu kì í ṣe ìwé ìbí ọsibítù. Ọ̀nà láti sọ ẹni tí ẹ bá dọ́gba ni, àti ẹni tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bára jà. Ìlà ti Odùduwà fún Alárá ní ẹ̀tọ́ sí adé ìlẹ̀kẹ̀. Ìlà ti Ọ̀rúnmìlà sọ òun, Ajerò Ìjerò àti Ọ̀ràngún Ìlá di ọmọ ìyá, ìlú mẹ́ta tí ọ̀nà oko àti ọjà so pọ̀. Aláàyè kò sí nínú mẹ́jọ ti Ifá yẹn o. Ìlà tirẹ̀ gba ibi Ọbalùfọ̀n lọ, ó dá dúró, àwọn Ẹ̀fọ̀n sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ogun ló tú wọn ká

Ìṣòwò àti ìgbéyàwó gbé àwọn kan kúrò lórí òkè, bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ogun ló kó wọn lọ jù. Láti àwọn ọdún 1840 lọ, Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkìtì lọ́dọọdún bí ẹni lọ sóko. Ìbíkúnlé tó jẹ́ Balógun Ìbàdàn kó ogun dé Ara, ìlú Alárá, ní àwọn ọdún 1850. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn jókòó sí ìlú Èkìtì káàkiri, wọ́n ń gbowó òde, wọ́n ń jẹ ohun tí wọ́n kò gbìn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ọ̀pọ̀ wọn kò lọ sí òkun rárá. Inú oko àwọn ológun Ìbàdàn ni wọ́n parí sí, àwọn ọmọkùnrin kan di ọmọ ogun, àwọn obìnrin di ìyàwó ilé. Lẹ́yìn ìran méjì, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n lẹ́rú mọ́, ọmọ agboolé ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn tí ìyá àgbà ń kì ní ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí ni ọ̀nà tiyín gbà. Ìyá tó mọ̀ ọ́n kò sọ ọ́ ní gbangba, torí kò bójú mu láti sọ ní agboolé ẹni pé ẹrú ni baba ńlá ẹnì kan. Ó fi í sínú oríkì, ibi tí kò ti dun ẹnikẹ́ni.

Òkèmẹ̀sí, tí òun àti Ẹ̀fọ̀n jọ ń wo òkè kan náà, ni ìfaradà ti tán. Fábùnmi, ọmọ ìlú náà, dìde sí àwọn èèyàn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun Kírìjì sì bẹ́ ní 1878. Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn pàgọ́ sí Igbájọ, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì darí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Lẹ́yìn náà, àwọn kan padà sílé. Ọ̀pọ̀ kò padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọmọ Ẹ̀fọ̀n láàárín èrò? Ojú ni. Johnson ṣàpèjúwe ilà Ẹ̀fọ̀n kan: ìlà wẹ́wẹ́ tó pọ̀, tí wọ́n sún mọ́ra débi pé gbogbo rẹ̀ papọ̀ di àmì dúdú kan lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ènìyàn bá dàgbà, ẹ kò ní mọ ìlà kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Ẹni tó bá ní irú ilà yẹn, bí wọ́n bá tà á dé Èkó, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n á pè é. Lónìí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kò gba kí ẹnikẹ́ni kọ ilà fún ọmọ, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ ohun tí ojú ń sọ tẹ́lẹ̀, ẹnu nìkan ló kù tó ń sọ ọ́.

Èdè náà ṣì ń tú àwọn kan fó. Bí bàbá àgbà yín bá ń pe ilé ní "ulé", tó ń pe owó ní "eó", tó sì bọ́ sí ìlú lórí "ùlú", ẹ má wulẹ̀ dààmú lọ san owó àyẹ̀wò DNA. Àyẹ̀wò yẹn á sọ fún yín pé Nàìjíríà ni ẹ ti wá, ìyẹn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò lè sọ Ẹ̀fọ̀n.

Àwọn tó fi ọwọ́ tàn ká

Ẹ rántí pé Ọbalùfọ̀n ni òrìṣà àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Nínú Ẹ̀fọ̀n, ìdílé Adéṣínà ni wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n sì tún ń gbẹ́ igi. Tí ọba kan ní ilẹ̀ Yorùbá bá fẹ́ adé tuntun, kì í ṣe pé ó máa lọ rà á lọ́jà. Wọ́n á pe oníṣẹ́ wá, oníṣẹ́ á máa gbé ní ààfin fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, á máa sín ìlẹ̀kẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n á máa bọ́ ọ títí iṣẹ́ á fi parí. Báyìí ni àwọn ọmọ Adéṣínà ṣe rin ilẹ̀ Yorùbá já. Ọba tí Ọ̀rànmíyàn lé kúrò, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ló wá ń sín adé fún àwọn ọba yòókù. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ rí i.

Nínú ìdílé yìí ni Àgbọ́nbíòfẹ́ ti jáde. Iná jó ààfin Aláàyè ní 1912. Nígbà tí wọ́n ń tún un kọ́, Àgbọ́nbíòfẹ́ ló gbẹ́ àwọn òpó tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Òpó náà lé ní ogún. Ó kú ní 1945. Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkèèrè báyìí. Bí ẹ bá dé irú ibẹ̀ tí ẹ rí òpó tí wọ́n kọ Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè sí lábẹ́, ẹ wo ojú ère náà dáadáa kí ẹ tó kọjá lọ ya sẹ́lífì.

Ọ̀nà kejì tí Ẹ̀fọ̀n gbà tàn ká láyé òde òní ni ti ìjọ. Nígbà tí ìsọjí Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní 1930, Ẹ̀fọ̀n wà lára àwọn ìlú tó tètè gbà á. Ibẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà, àwọn èrò sì ń lọ síbẹ̀ láti ìlú tí kò mọ ohunkóhun nípa Ọbalùfọ̀n.

Ẹ̀fọ̀n ní ìkọjá òkun

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Engenho Velho de Brotas, ilé òrìṣà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilê Axé Oloroquê. Ẹ kà á sókè: ilé àṣẹ Olórókè. Òrìṣà òkè ni. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní àwọn jẹ́ nínú ẹ̀sìn Candomblé ni Efon. Ìtàn ilé náà sọ pé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tio Firmo, tó ń jẹ́ Baba Irufá, àti obìnrin kan, Maria Bernarda da Paixão, tí orúkọ rẹ̀ nílé òrìṣà jẹ́ Adebolu, ló dá a sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n sì ní Èkìtì ni gbòǹgbò wọn. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nagô, dé Bahia. Àwọn Nagô ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìtẹ̀ ní Salvador ní 1835, Brazil kò sì fòpin sí kíkó ẹrú wọlé títí di 1850.

Àwọn Efon ti Bahia máa ń sọ pé ilẹ̀ Ọ̀ṣun ni Efon. Àwọn kan lára wa tó bá gbọ́ ìyẹn á ní wọ́n ti ṣì í, ṣebí Òṣogbo ni Ọ̀ṣun wà. Ẹ padà sójú ọ̀nà tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìgèdè-Èkìtì, tó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Ẹ̀fọ̀n, ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Wọn kò ṣì í o. Àwa ni a gbàgbé ibi tí omi náà ti ń sun. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, tí òkè Ẹ̀fọ̀n là láàárín pẹ̀lú Èkìtì, tí omi Olúmirìn ń sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ní Erin láti ibi tí abúlé Abákẹ́ wà lókè, wà ní Bahia náà: Ijexá ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ìlù Ijexá ni àwọn Filhos de Gandhy, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, máa ń lù bí wọ́n bá jáde fún Carnival.

Láti Salvador, Efon tún ṣí. Cristóvão Lopes dos Anjos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Cristóvão d'Ogunjá, gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, ó sì dá ilé sílẹ̀ ní Duque de Caxias, ní àdúgbò Pantanal. Láti ilé yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé Efon tó wà lápá gúúsù Brazil lónìí ti jáde.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni bí wọ́n ṣe ń ka ìran níbẹ̀. Ẹrú kò ní bàbá lójú òfin. Wọ́n lè ta ìyá sápá kan, kí wọ́n ta ọmọ sápá kejì, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè di orílẹ̀ mú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọ́n fi ìyàwó òrìṣà rọ́pò ìbí. Ẹni tó fi yín joyè òrìṣà ni ìyá tàbí bàbá yín. Ẹni tí òun náà bá ti fi joyè ṣáájú yín ni ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀ ń ka ìran sókè láti ẹnu dé ẹnu títí ẹ fi dé ọ̀dọ̀ Tio Firmo. Èèwọ̀ wà, oúnjẹ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ wà, àwọn tí ilé kan náà bí kò sì gbọ́dọ̀ bára wọn sùn. Gbogbo òfin orílẹ̀ ló wà níbẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí náà ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nílé kò ní gbà.

Kí ló dé tí wọn kò ní gbà? Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe òfin oyè ní 1957, wọ́n kọ ìlànà ìjọba kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ilé ọlọ́mọba mélòó ló wà, ilé wo ló kàn, àwọn afọbajẹ wo ló ń dìbò. Ohun tó ti ń yí padà lẹ́nu fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tádàwà dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdílé tí aṣojú rẹ̀ wà níbi ìjókòó ọjọ́ náà wọlé, ìdílé tí ẹni tirẹ̀ wà lóko tàbí ní Ìbàdàn lè má wọlé. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ oyè fi pọ̀ ní kóòtù káàkiri Èkìtì, tí àwọn lọ́yà sì ń wá àwọn arúgbó tó mọ oríkì. Ẹni tí orúkọ baba ńlá rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yẹn, ó lè jẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní jẹ Aláàyè. Ilẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Oko tí baba ńlá fi sílẹ̀ lọ sógun ní 1850, ẹlòmíì ti ń dá a láti ìgbà náà, kò sì sí oríkì tó máa gbà á padà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà nínú gbogbo èyí, iṣẹ́ náà kò pọ̀, àmọ́ ó ní àsìkò. Ẹ gba oríkì ìyá àgbà sílẹ̀ lórí fóònù, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìlà méjì tó dùn mọ́ yín. Ẹ bi í léèrè èèwọ̀ ilé bàbá àti ti ilé ìyá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bèèrè orúkọ agboolé tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, àti orúkọ ológun tó ni agboolé náà. Bó bá yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí ẹ bèèrè ti ológun yẹn, ẹ má fi ipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa kì yín lọ, kí fóònù máa gbà á.